Gliceria àti Tíṣà Tí Kì Í Dúró Nídìí Pátákó

Láti ọjọ́ tí tíṣà tuntun ti dé kíláàsì karùn-ún ní Igbangkal, abúlé wa, ni Gliceria Sumbilon ti ń wò ó bí ẹni tó jí adìẹ òun gbé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, opó ni, ewé nípà tí a fi ń bo òrùlé ló sì ń rán láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ti yi débi pé abẹ́rẹ́ kì í gún un mọ́. Lola Siyang, ìyẹn Ìyá Àgbà Siyang, ni tọmọdé tàgbà abúlé wa ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó má fura sí nǹkan, nǹkan ọ̀hún gan-an ni yóò kọ́kọ́ fura sí, ìfura sì loògùn àgbà, a ò lè bá a wí.

Ìpàdé àwọn òbí tó wáyé nínú oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àrùn kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti ṣí ilé ìwé padà lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì ti gbé tíṣà kan wá láti òkè. Dionel Panaguiton lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá ìpẹja. Ó dúró níwájú àwọn òbí, ó ní òun ò ní máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ rí. Òun yóò ká ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sínú fídíò, òun yóò kó o sínú káàdì fóònù fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ yóò sì máa wò ó nílé. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé lọ ilé tẹ́lẹ̀, ilé ìwé ni wọn yóò ti máa ṣe é, lójú òun.

Gliceria na ọwọ́ sókè. "Sà, ẹ má bínú o. Ta ni ìjọba ń san owó oṣù fún? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí fóònù?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

"Èmi ni, Lola. Ẹni tó bá ní etí lè gbọ́ ẹ̀kọ́ níbikíbi. Iṣẹ́ ṣíṣe ló máa ń le. Ibi tó ti ń le yẹn ni mo fẹ́ wà."

Èsì tó dáa ni, ìyẹn gan-an ló mú kí ara Gliceria bù máṣọ. Ẹni tó bá ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gún régé báyẹn, ó ti jókòó tò ó nílé ni. Tíṣà náà tún wá fi kan kún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wo fídíò o, ẹ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, ẹ má bá wọn ṣe é mọ́." Ojú rẹ̀ rìn yí ká gbogbo àwọn tó jókòó nígbà tó ń sọ ọ́, àmọ́ ó dá Gliceria lójú pé ara òun ló ti dúró.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ fi dùn ún? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Rowena, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní Hong Kong, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó fi Lovelyn, ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Òun ló ń bá Gliceria jẹun, òun ló ń bá a gbàdúrà lálẹ́, òun ló ń bá a la igi ọparun tí ó fi ń to ewé. Àbúrò ọkọ Rowena kan wà ní ìlú Iloilo tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà fún òun, pé ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa pọ̀ lọ́dọ̀ òun. Rowena ti fún ìyá rẹ̀ ní àdéhùn. Níwọ̀n ìgbà tí Lovelyn bá ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń fún ní mẹ́dàlì, Igbangkal ni yóò wà. Ọjọ́ tó bá já bọ́ níbẹ̀, Iloilo ni.

Mẹ́dàlì ọ̀hún kò sì já bọ́ fún odidi ọdún méjì àrùn. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ yọjú sí ilé ìwé. Ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ń dì sínú àpò ọ̀rá, òbí yóò lọ gbà á lọ́jọ́ Ajé, yóò dá a padà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ta ló ń kọ èsì sí i? Kí a má parọ́ fún ara wa. Ìyá ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ń kọ ọ́, àbúrò bàbá tí kò rí iṣẹ́ ṣe ń kọ ọ́. Ìyàwó Kapitan, olórí abúlé wa fúnra rẹ̀, ń ṣe sáyẹ́ǹsì ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń din ẹja, epo sì tò sójú ìwé náà. Gbogbo wa la mọ̀, àwọn tíṣà náà mọ̀. Àwàdà tí a ń dá nígbà náà ni pé ọdún yìí, àwọn ìyá ni yóò yege.

Ti Gliceria yàtọ̀ díẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni bàbá rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé kó lè wá máa rán ewé, omijé tó dà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì tíì gbẹ tán nínú rẹ̀. Nígbà tí àpò ọ̀rá àkọ́kọ́ dé, ó jókòó tì í bí ẹni tó rí oúnjẹ lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó ní ọmọ kékeré ò lè dá a ṣe, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ka kíláàsì kẹta tán, ó bọ́ sí ìkẹrin. Ìṣirò pínpín tó ń pa á lẹ́kún ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn ló wá ń ṣí sílẹ̀ fún un yìí. Lovelyn yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa bá ológbò ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní mẹ́dàlì, àwọn àgbàlagbà nìkan ló lè wá, wọ́n tò sórí pápá pẹ̀lú ìbòmú, wọ́n sì gbé e kọ́ wọn lọ́rùn pé kí wọ́n gbé e lọ fún ọmọ. Gliceria kò bọ́ tirẹ̀ títí ó fi délé. Ó yà ra iyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ lè wo ohun tí "ẹ má bá wọn ṣe é mọ́" ń ṣe sí obìnrin yìí.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun àti Lovelyn gbé fóònù ti ìgò ata, wọ́n wo fídíò tíṣà kí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn tíṣà, ó sì kó máńgòrò síwájú, ó ń pín in sọ́nà méjì, sọ́nà mẹ́ta, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gliceria gbọ́ ọ ní àgbọ́yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí i. Bó bá mọ̀ ọ́n kọ́ tó báyìí, kí ló dé tí kò lè dúró sójú pátákó kó kọ́ ọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

"Ó yé ọ?" ó bi Lovelyn.

"Ó yé mi, Lola."

"Ó yé ọ dáadáa?"

"Ó yé mi dáadáa."

Ohun tí ọmọ náà ń sọ nìyẹn lójoojúmọ́. Àmọ́ kò gbé iṣẹ́ kankan bọ̀ wálé rí. Àwọn ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí tíṣà ní ilé ìwé. Gliceria gbé àpò rẹ̀ wò, ó gbọ̀n ọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, bébà ìpápánu kan ló já bọ́. Kí ni èèyàn fi ń kó ìwé ọmọ ọlọ́mọ pamọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ.

Lọ́jọ́ kan tó ń gbé ewé lọ fún oníbàárà, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ó yọjú láàárín àwọn pákó fèrèsé. Kò sẹ́ni tó wà nídìí pátákó. Àwọn ọmọ kóra jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ń pariwo bí ọjà ẹja. Ó wá tíṣà títí, kò rí i. Ìgbà tó fẹsẹ̀ sókè dáadáa ló tó rí i, ó lóṣòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí tábìlì kan. Tábìlì Lovelyn sì ni. Lovelyn dorí kodò, tíṣà ń nawọ́ sí ìwé rẹ̀.

Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù Nang Pacing, ó ti mọ gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ náà, tàbí ohun tó pè ní ìdí rẹ̀. Nang Pacing ló ń ta iyọ̀, ọṣẹ àti ìròyìn ní Igbangkal, ìròyìn ni kì í tán lórí àtẹ rẹ̀.

"Ọmọ mi ló dójú sọ," Gliceria wí, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ta ni?"

"Sà tín-ín-rín yẹn. Gbogbo àwọn ọmọ yòókù ń ṣeré, tèmi nìkan ló lọ lóṣòó tì. Nang, ilé ta ló ń gbé?"

"Ilé àbúrò Kapitan."

"Ta ló ń gba mẹ́dàlì tẹ̀ lé Lovelyn lọ́dún tó kọjá?"

Nang Pacing fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ Kapitan."

"Mi ò sọ nǹkan kan o," ni Gliceria wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Ẹ wò ó, èmi náà ti ń rò ó. Ọmọ mi ní àwọn ń fi ẹ̀wà munggo ka nǹkan nínú kíláàsì. Ẹ̀wà, Lola Siyang. Ṣé ilé ìwé la rán an lọ ni, àbí ilé ìdáná?"

Ọ̀rọ̀ ò bá mọ bẹ́ẹ̀ tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ ò bá jáde. Lovelyn tó ń gba méjìléláàádọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Bó bá dín ní méjì sí i, ó ti kùnà. Rowena pe ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, èyí tí kì í ṣe rí.

"Nanay, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi?"

"Tíṣà ni, ọmọ mi. Tíṣà tí kì í kọ́ni ni wọ́n gbé wá."

"Ẹ mọ àdéhùn wa. Mo ti sọ fún wọn ní Iloilo kí wọ́n bá mi wo ààyè sílẹ̀. Tó bá di December tí kò bá gòkè, wọ́n máa wá mú un."

Gliceria gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ọmọ tó ń bó ẹ̀pà lórí àtẹ̀gùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló kọ ìwé ẹ̀sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ojú ewé méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Ó ní tíṣà yìí ń gba owó ìjọba lásán, fóònù ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń kó ìwé wọn pamọ́, ó sì ń ṣe ojúsàájú, kí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Òun àti Nang Pacing gbé e kiri ojúlé. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé e fún ọ̀gá ilé ìwé níbi ìpàdé.

Abúlé wa ò fẹ̀, kò sí ohun tí ń pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́rú ni Sà Dionel fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé Gliceria. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá àgbà náà kan iwájú orí ara rẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wa, ó sì dúró títí tí Gliceria fi ní kó jókòó, ó sì pẹ́ kí Gliceria tó sọ bẹ́ẹ̀.

"Lola, mo gbọ́ nípa ìwé yẹn."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀bẹ̀, ẹ máa lọ."

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá jókòó sí kíláàsì mi lọ́la ni. Wákàtí kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ìwé yín lọ síbi tó bá wù yín."

"Kí ẹ lè fi ojú mi gbolẹ̀ láàárín àwọn ọmọ?"

"Kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí kí ni?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi náà nìyẹn, Sà."

Gliceria lọ ṣáá. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó wọ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì lórí àga kékeré tí eékún rẹ̀ fi fẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì ń ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tíṣà náà sínú. Kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ó kàn bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú fídíò àná, ó gbọ́ ẹnu mẹ́ta, ó sì pín bébà fún wọn. Máńgòrò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba mẹ́fà, apẹ̀rẹ̀ mélòó ni? Kí kálukú kọ́kọ́ dá a ṣe.

Gliceria ti ṣe é tán lórí kó tó dákẹ́.

Lovelyn wo bébà. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó bojú wẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wá ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Èmi ò sọ pé Gliceria rò ó tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ yẹn ò gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó mọ̀, ìka kan ti na jáde lórí itan rẹ̀, ó ti ká a, ó sì ti na mẹ́rin. Ọmọ náà yí padà, ó kọ mẹ́rìnlá kíá.

Tíṣà dé ibẹ̀, ó lóṣòó. "Ó tọ̀nà, Lovelyn. Fi bó o ṣe ṣe é hàn mí." Ó da ẹ̀wà sórí tábìlì.

Ọmọ náà tún bojú wẹ̀yìn. Kò sí ìka tó lè fi ìyẹn hàn. Gliceria kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan.

"Kò burú," tíṣà wí. "Jẹ́ ká mú kékeré. Ẹ̀wà méjìlá nìyí. Pín in fún èèyàn mẹ́ta."

Lovelyn fi márùn-ún síbí, ó fi márùn-ún sọ́hùn-ún, ó wo méjì tó ṣẹ́kù. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tún un pín, ó tún ṣẹ́kù. Gliceria ń wò ó. Méjìlá sọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tó gba mẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mejì.

"N kò mọ̀ ọ́n, Sà," ni Lovelyn wí.

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ìtìjú, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn ló gún Gliceria ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ọdún méje tí ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun ò mọ nǹkan.

Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, ó dá tíṣà dúró lábẹ́ igi talisay. Ọ̀wọ̀ ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"O ti mọ̀."

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo gbé àwọn ìwé ọdún méjì yẹn wò. Eéje yín ní ìlà kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, Lola. Kò sí ọmọdé tó ń kọ eéje bẹ́ẹ̀ mọ́."

"O wá kó o pamọ́ láti fi mú mi. Mo mọ̀ pé ìdí kan wà tó o fi ń kó ìwé pamọ́."

"Tí n bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, gbogbo abúlé ni màá kó lọ. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mẹ́sàn-án ló lè pín nǹkan. Lovelyn kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Ọmọ Kapitan ò lè ka gbólóhùn kan dópin."

Inú Gliceria dùn díẹ̀ nípa ọmọ Kapitan, ó sì tijú pé inú òun dùn.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín nínú oṣù kẹjọ. Ẹ bi mí léèrè ẹni tó ń gba owó oṣù." Ó tún ní, "Ìdáhùn yín dára gan-an, Lola. Níbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹta, ẹ̀ ń ṣìnà. Nígbà tí ẹ fi parí ìkẹrin, ẹ ò ṣìnà kankan mọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn wọlé, àmọ́ ẹ̀yin ló wọlé sí."

Gliceria wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kò sì mọ ohun tí òun yóò fi èyí tó rí ṣe. Ó kúrò níbẹ̀ láìdágbére.

Lọ́sàn-án, òun àti Lovelyn jókòó sídìí ewé. Ó rán ewé méjì kó tó lè la ẹnu.

"Kí ló dé tí o máa ń sọ pé ó yé ọ?"

Ọmọ náà ń yí okùn mọ́ ìka. "Ẹ ò ní bínú?"

"Mi ò ní bínú."

"Ìgbà tí ẹ bá ń ṣe ìwé yẹn, inú yín máa ń dùn gan-an. Ẹ máa ń kọrin. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín."

Gliceria dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò lórí iná. Ó dúró sí ilé ìdáná, ó sì sunkún bí ọmọ kíláàsì kẹrin. Lóòótọ́ ni wọ́n já ilé ìwé gbà lọ́wọ́ òun nígbà kan, ó mọ ẹni tó ṣe é, ó sì ti bínú sí i títí wọ́n fi sin ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun náà lè ṣe é fún ẹlòmíràn, kí ó sì máa kọrin bó ti ń ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì pé, ìyàrá ìpàdé kún. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó máa ń dà bí ẹni tó ti rẹ̀, ní òun gbọ́ pé àwọn òbí ní ìwé kan. Nang Pacing gbún Gliceria ní ìgbọ̀nwọ́. Ó dìde, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ìwé yìí," ó wí. "Èmi náà ni mo kọ gbogbo ìwé iṣẹ́ Lovelyn fún ọdún méjì. Kò sí èyí tí ọmọ yẹn kọ níbẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń bá a kọ orúkọ náà."

"Lola Siyang, ẹ jókòó," ni Nang Pacing wí lábẹ́nu.

"Mi ò jókòó. Tíṣà yìí ò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe é lójú òun ni, kó lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò fẹ́ kó mọ̀. Ta ló tún wà níbí tó ń bá ọmọ rẹ̀ kọ ọ́?"

Ìyàwó Kapitan ń fi ìwé fẹ́ra bí ẹni pé oòrùn nìkan ló ń dà á láàmú. Àwọn kan ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Ó dáa," Gliceria wí. "Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí tíṣà yìí lọ, kó wá gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi, kó gbé e fún ọ̀gá fúnra rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni dìde jẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ o, a ò dáa tó bẹ́ẹ̀. A kàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a lọ sílé. Tíṣà dúró, ṣùgbọ́n Gliceria ló jìyà rẹ̀. Nang Pacing kò bá a ṣàwàdà mọ́, iyọ̀ nìkan ló ń tà fún un. Àwọn kan ní ó ti tú àṣírí gbogbo abúlé nítorí kó lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹni mímọ́. Ọ̀gá ilé ìwé yọ orúkọ Lovelyn kúrò lára àwọn tó lè gba mẹ́dàlì lọ́dún náà. Àwọn ọmọ mẹ́wàá, Lovelyn lára wọn, ń dúró lọ́dọ̀ tíṣà lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, ìwé kíláàsì kẹta ni wọ́n sì ń ṣe.

Ìròyìn dé Hong Kong kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lọ́jọ́ Àìkú, Rowena fi fídíò pè wọ́n, ojú rẹ̀ ti wú.

"Nanay, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ọdún méjì. Mo ń fi àwòrán mẹ́dàlì yẹn han gbogbo èèyàn níbí. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń sunkún sí mi lọ́rùn, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, tèmi ń mọ̀wé. Kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

Gliceria ní ìdáhùn púpọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń to wọ́n jọ. Ó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ àrùn, ó yẹ kó sọ pé gbogbo abúlé ló ṣe é, ó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó la ẹnu. Lovelyn fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Lola, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi."

Ọwọ́ Gliceria le mọ́ fóònù náà. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọ yìí lè gbé e lọ Iloilo, ó sì mọ gbólóhùn tó yẹ kó sọ gan-an. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé fóònù fún un, ó sì pa ẹnu dé.

"Mama," Lovelyn wí, "kíláàsì kẹta ni mo wà."

Ariwo ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn Rowena.

"Kíláàsì karùn-ún lo wà, Lovelyn."

"Rárá, Mama. Lola ló ṣe kẹta àti kẹrin. Èmi ò tíì dé ibẹ̀ rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kẹta ni. Ó ku ojú ewé mọ́kànlá kí n parí ẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ ṣe é?"

"Kò sẹ́ni. Tó bá ti sú mi, màá sọ fún Sà pé n kò mọ̀ ọ́n, á wá lóṣòó."

Rowena fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́, ó sì tún wo ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn ọmọ náà.

"Nanay," ó wí, "ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ kó parí ẹ̀."